Kọ́kọ́rọ́ Inú Bàtà Olùṣọ́

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Inspẹ́kítọ̀ Mùyídéènì bá wá sí gbọ̀ngàn ìdánrawò láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, ìbéèrè náà kò sì ju ọ̀rọ̀ bàtà lọ.

Ó wọlé láìkan ilẹ̀kùn, ó jókòó sórí àga ẹ̀yìn pátápátá, ó sì ń họ ẹ̀pà jẹ títí àwọn òṣèré fi sinmi. Ènìyàn kúkúrú ni. Aṣọ ìlú ló wọ̀, bí kò bá sọ fún ọ pé ọlọ́pàá lòun, o lè bẹ̀ ẹ́ kó bá ọ pọnmi. Nígbà tí ọ̀gá eré fúnra rẹ̀, Dúrósinmí Gbádéyan, sún mọ́ ọn láti béèrè ẹni tó ń wá, ó dìde, ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní òun àti ìyàwó òun kì í pàdánù eré rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, àní ìyàwó òun a máa fi oúnjẹ sílẹ̀ lórí iná nítorí rẹ̀.

Gbádéyan ò ka ìyẹn sí nǹkan tuntun. Ta ni kò mọ̀ ọ́n lọ́dún 1975? Eré "Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn" tí ń jáde láti Ìbàdàn ní gbogbo Ọjọ́rú, òun ló ń ronú rẹ̀, òun ló ń to ìtàn rẹ̀, òun ló ń ṣe ètò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Láàárín ọdún méjìlá, eré tó lé ní ẹgbẹ̀ta ló ti gbé jáde, gbogbo rẹ̀ pátá ló sì jẹ́ ìtàn ọ̀daràn àti bí ọwọ́ ṣe tẹ̀ ẹ́. Ọmọ Iléṣà ni, ṣùgbọ́n Òṣogbo ló fi ṣe ibùjókòó. Bó bá ń kọjá l'Ọjà Ọba, àwọn ènìyàn a máa dá a dúró láti bi í pé ta ló pa ẹni tó kú lọ́sẹ̀ yẹn, òun náà a ní kí wọ́n jẹ́ kó di Ọjọ́rú.

"Ìbéèrè kékeré ni, Ọ̀gá," ni Inspẹ́kítọ̀ wí. "Nínú eré ọ̀sẹ̀ tó kọjá, olùṣọ́ sítọ́ọ̀ kan fẹ́ lọ kírun Jímọ̀. Ó bọ́ bàtà iṣẹ́ rẹ̀, ó ju kọ́kọ́rọ́ sínú ti ẹsẹ̀ òsì, ó gbé bàtà náà sábẹ́ tábìlì akọ̀wé, ó sì wọ sálúbàtà lọ sí mọ́ṣáláṣí. Níbo lẹ ti rí ìyẹn?"

Gbádéyan mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín, ó ti kọ́ àwọn tó lé lógójì ní i. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé Inspẹ́kítọ̀ ò mọ̀ pé àwọn kì í kọ ọ̀rọ̀ eré sílẹ̀ tán ni? Òun a kàn fi ṣọ́ọ̀kì to ìtàn náà sára pátákó, ẹni tó wọlé, ẹni tó jáde, ohun tó sọnù. Àwọn òṣèré ló ń wá ọ̀rọ̀ àti ìṣe tó bá a mu fúnra wọn. Béjidé tó ṣe olùṣọ́ ló gbé ti bàtà látinú ara rẹ̀.

"Ó mà gbọ́n o," ni Inspẹ́kítọ̀ wí, ó sì yíjú sí Béjidé tó ń mu omi lẹ́bàá fèrèsé, ó ní kó máa bọ̀ kí òun kí i kú iṣẹ́.

Béjidé, ọmọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn kan tí kò lè parọ́ àfi tí wọ́n bá kọ ọ́ fún un, fi ọwọ́ nu ẹnu. "Èmi kọ́, sà. Ọ̀gá ló fi hàn mí. Mo tiẹ̀ bi wọ́n pé kí ló dé tí kò lè fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Wọ́n ní bí gbogbo Mùsùlùmí ti ń ṣe nìyẹn bí wọ́n bá ń lọ kírun. Ọmọ ìjọ Elétò lèmi, kí ni mo mọ̀?"

"Gbogbo Mùsùlùmí," ni Inspẹ́kítọ̀ tún un sọ. Ó ju ẹ̀pà kan sẹ́nu.

Gbádéyan lu orí ara rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí. Ó ní àgbà ti ń dé, òun ti gbàgbé. Ògúnmọ́lá ló sọ ọ́ fún òun, ọ̀gá ìdíkọ̀ rélùwéè Òṣogbo nígbà kan rí, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ nígbà tí òun ń ṣe akọ̀wé níbẹ̀ kí òun tó di ẹni tẹlifíṣọ̀n. Bàbá náà mọ ìtàn púpọ̀. Ó ti kú l'Iléṣà, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ.

Ẹni tó ti kú kì í jiyàn. Eré tó lé ní ẹgbẹ̀ta ló ti kọ́ ọ nìyẹn, ó sì máa ń bú àwọn ọ̀daràn inú eré rẹ̀ tí wọn ò bá mọ̀ ọ́n lò.

Inspẹ́kítọ̀ dúpẹ́. Ó dé ẹnu ọ̀nà kó tó padà. Ó ní obìnrin kan ló kó òun síṣẹ́, Nọ́síràtù, ìyàwó Mùíbì tó jẹ́ olùṣọ́ sítọ́ọ̀ rélùwéè nígbà tí Gbádéyan wà níbẹ̀, ẹni tí wọ́n fi sẹ́wọ̀n ọdún méjì ní 1962 nítorí ìdì àrán tó sọnù. Obìnrin náà wo eré ọ̀sẹ̀ tó kọjá láti ojú fèrèsé ará ilé rẹ̀, ó rí bàtà, ó sì ké. Ìwà ọkọ òun ni, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sẹ́ni tó sọ ọ́ nílé ẹjọ́. "Mo fẹ́ lọ sí Iléṣà lọ́la lórí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ yìí jù mí lọ, ẹ bá mi lọ, Ọ̀gá. Ojú méjì sàn ju ọ̀kan."

Báwo ni yóò ṣe kọ̀? Ó ní òun á lọ.

*

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí, nítorí kò sí ohun tí a ó fi pamọ́ mọ́. Gbádéyan ló jí àrán náà.

Mẹ́ta péré ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ẹrù ní ìdíkọ̀ Òṣogbo nígbà náà: Ògúnmọ́lá tó jẹ́ ọ̀gá, Gbádéyan akọ̀wé, àti Mùíbì tí kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin ni pé kọ́kọ́rọ́ náà ò gbọdọ̀ kúrò lára olùṣọ́. Ṣùgbọ́n ní gbogbo Jímọ̀, Mùíbì a ṣe àlùwàlá lẹ́yìn ilé, a fi kọ́kọ́rọ́ sínú bàtà òsì, a gbé bàtà sábẹ́ tábìlì Gbádéyan. Bó bá ń bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí, a ra àkàrà tó gbóná dání fún akọ̀wé tó bá a ṣọ́ bàtà.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù kẹta, ìdì àrán oníyebíye kan wà ní sítọ́ọ̀, ti ìyáálọ́jà aláṣọ kan l'Iléṣà. Lèmọ́mù ṣì wà lórí ìwàásù kùtúbà nígbà tí Gbádéyan ṣílẹ̀kùn. Ó tú ìdì náà, ó kó àrán sínú àpò ìdọ̀họ, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé àdírẹ́sì lẹ̀ mọ́ ọn, ó sì jẹ́ kó bá ọkọ̀ ojú irin aago méjì lọ sí Ìlọrin, níbi tí ẹnì kan ti ń dúró dè é. Nígbà tí Mùíbì dé, kọ́kọ́rọ́ ti padà sínú bàtà. Ó gbé àkàrà lé tábìlì. Gbádéyan sì jẹ ẹ́.

Àrán yẹn ló di ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, òun ló di ọdún kan tó fi kọ́ iṣẹ́ n'Ìbàdàn, òun ló di "Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn". Ohun gbogbo tó jẹ́ lónìí, orí ìdì kan ló dúró lé.

Ó ku ọ̀la kí wọ́n gbé Mùíbì dé kóòtù, ó lọ bá a ní àtìmọ́lé. Ó fi Bíbélì búra pé òun ò fọwọ́ kan nǹkan kan, ó ní ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbọ́ pé kọ́kọ́rọ́ dé ọ̀dọ̀ òun rí, iṣẹ́ òun lọ nìyẹn, ìyá òun ò sì ní ẹlòmíràn. Ó bẹ̀ ẹ́ kó má dárúkọ òun. Mùíbì ní kó fọkàn balẹ̀, ó ti di àmánà. Lọ́jọ́ kejì, Gbádéyan dúró níwájú adájọ́, ó ní ní ojú tòun, kọ́kọ́rọ́ ò kúrò lọ́wọ́ Mùíbì rí.

Láti ọjọ́ náà, kò gba ọ̀nà ìdíkọ̀ kọjá mọ́. Bó bá ní í ṣe ní òdìkejì ìlú, a yí gbogbo Òṣogbo po. Ó máa ń sọ fún ara rẹ̀ pé ọkùnrin náà á ti kó lọ sí ibòmíràn, pé ọdún méjì kò pọ̀, pé òun náà ń jìyà nínú. Irọ́ ni. Ó sanra lọ́dọọdún.

*

Lẹ́ndrófà ọlọ́pàá ló gbé wọn lọ l'Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Láti Òṣogbo dé Iléṣà, eré ni Inspẹ́kítọ̀ ń sọ. Ó rántí gbogbo wọn: ti apẹja tó kú sínú àgọ́ rẹ̀, ti ìyàwó olùkọ́, ti góòlù tí wọ́n fi pamọ́ sínú gàrí. Ó ní òun ti ṣàkíyèsí nǹkan kan láti bí ọdún mélòó kan, òun ò sì sọ fún ìyàwó òun, kí òun lè máa jẹ tẹ́tẹ́ rẹ̀.

"Kí ni nǹkan náà?"

"Ẹni tí wọ́n bá kọ́kọ́ mú nínú eré yín, kì í jẹ̀bi. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò ṣẹlẹ̀ rí. Wọ́n á fìyà jẹ ẹ́, wọ́n á tì í mọ́lé, ṣùgbọ́n kí eré tó parí, wọ́n á dá a sílẹ̀ níwájú gbogbo ìlú. Gbogbo rẹ̀ ni mo ti wò. Mo ní ọkùnrin yìí láàánú o."

Gbádéyan ní àwọn òǹwòran ló fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó kọjú sí fèrèsé, ó ń wo koko tí wọ́n sá sẹ́bàá ọ̀nà. Òun fúnra rẹ̀ ò ṣàkíyèsí i rí. Ọdún méjìlá ló fi ń dá Mùíbì sílẹ̀ ní gbogbo Ọjọ́rú, kò sì mọ̀ pé òun ló ń ṣe é.

Ọ̀dọ̀ ìyáálọ́jà aláṣọ ni wọ́n kọ́kọ́ yà. Ìbíjọkẹ́ lorúkọ rẹ̀, àgbàlagbà tó ṣì dúró ṣinṣin láàárín aṣọ rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé Gbádéyan ti tẹlifíṣọ̀n nìyí, inú rẹ̀ dùn dé ibi pé ó fa àga fún un, ó ní kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n nínú ilé òun. Gbádéyan jókòó síwájú obìnrin tó jà lólè, ó sì ń mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò rẹ̀.

Inspẹ́kítọ̀ bi í bóyá ó tún gbúròó àrán náà rí. Ìbíjọkẹ́ ní rárá, àfi ẹ̀ẹ̀kan. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òun lọ síbi ìgbéyàwó kan n'Ìlọrin, òun rí ìyàwó nínú àrán kan náà, òdòdó kan náà, òun sì mọ̀ pé kò sí ẹlòmíràn tó kó irú rẹ̀ wọ gbogbo agbègbè yìí. Òun sọ fún ọlọ́pàá nígbà náà, wọn ò dá òun lóhùn. Olùṣọ́ ti wà lẹ́wọ̀n, kí ló tún kù?

"Ìlọrin," ni Inspẹ́kítọ̀ wí, ó kọ ọ́ sínú ìwé. "Wọ́n ní nílé ẹjọ́ pé Òṣogbo níbẹ̀ ni Mùíbì ti tà á." Ó bi Gbádéyan bóyá olùṣọ́ lè fi ẹrù ránṣẹ́ sí Ìlọrin láìsí ìwé. Gbádéyan ní ó ṣòro díẹ̀. Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ láti inú kànga.

Láti ibẹ̀ wọ́n lọ sílé olóògbé Ògúnmọ́lá. Opó rẹ̀, Ìyá Julianah, ń to ìwé orin rẹ̀ sínú báàgì. Ẹgbẹ́ akọrin ń dúró dè é ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Inspẹ́kítọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìbéèrè tí kò nítumọ̀, bí ọkọ rẹ̀ ṣe fẹ́ràn iṣẹ́ tó, iye ọdún tó fi ṣe é, bóyá ó fẹ́ràn ìtàn. Ó ní ó fẹ́ràn ìtàn gan-an ni. Ara Gbádéyan balẹ̀ díẹ̀, ó rò pé irọ́ òun ti dúró.

Ó wá gbójú sókè láti wo ògiri. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán Ògúnmọ́lá, tẹ̀sùbáà gígùn kan so rọ̀ lórí ìṣó, ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ ti dán nítorí ìka tó ti ń kà á fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Inspẹ́kítọ̀ náà ń wò ó. "Ti bàbá ni?"

"Tirẹ̀ ni o," ni Ìyá Julianah dáhùn. "Ilé Ìmàle ni wọ́n ti bí i, ẹ̀sìn náà ló sì bá dé sàréè. Èmi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, òun ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, a ò jà lórí ẹ̀ rí."

Ọdún mẹ́rin ni Gbádéyan fi bá ọkùnrin náà ṣiṣẹ́. Ògúnmọ́lá kì í kírun lọ́fíìsì, kì í wọ fìlà ìmàle, orúkọ bàbá rẹ̀ nìkan ni gbogbo ayé ń pè é. Gbádéyan ò bi í rí. Kò bi ẹnikẹ́ni nínú wọn ní nǹkan kan rí.

*

Inspẹ́kítọ̀ ò gba ọ̀nà Òṣogbo padà. Ó ya sínú ọgbà ilé ìwòsàn kan láàárín ìlú, ó dá ọkọ̀ dúró sábẹ́ igi máńgòrò, ó ní kí awakọ̀ lọ wá nǹkan jẹ. Ó ku àwọn méjèèjì. Kò mú ẹ̀pà jáde mọ́.

Ó ní òun ò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Láti ọmọ ọdún méje ni òun ti ń kírun. Bàtà òun ló ń gbé òun dé mọ́ṣáláṣí, ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ ni òun ti ń bọ́ ọ, kò sì sí Mùsùlùmí kan tí òun mọ̀ tó ń fi kọ́kọ́rọ́ sínú bàtà, tó ń gbé bàtà náà fún ẹlòmíràn ṣọ́. Mùíbì nìkan ni. Ìyàwó rẹ̀ sọ ìdí rẹ̀: rélùwéè ò gbà kí bàtà iṣẹ́ jáde ní ọgbà, Mùíbì sì jẹ́ onígbàgbé, bó bá fi kọ́kọ́rọ́ sínú bàtà, kò lè wọ bàtà kó má rí i. Ìwà ẹnì kan ni, kì í ṣe ẹ̀sìn.

"Ní báyìí, ẹ gbọ́. Bí Ògúnmọ́lá bá sọ ìtàn yẹn fún yín, yóò ní Mùíbì ní ìṣe kan tó ya òun lẹ́nu. Mùsùlùmí ni, kò jẹ́ sọ pé gbogbo Mùsùlùmí ní ń ṣe é. Bí Mùíbì ló sì sọ ọ́, á sọ ìdí rẹ̀. Ta ló lè rí nǹkan yẹn kó pè é ní ẹ̀sìn? Ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí, tó sì ń fojú ara rẹ̀ rí Mùsùlùmí kan tó ń ṣe é ní gbogbo Jímọ̀, tí kò bi í léèrè. Ẹni tí bàtà ń wà lábẹ́ tábìlì rẹ̀."

Gbádéyan gbé ojú sílẹ̀, ó ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Àrán dé Ìlọrin. Ẹrù kì í wọ ọkọ̀ láìsí ìwé, akọ̀wé kan ṣoṣo ló sì wà. Òun náà ló jẹ́rìí pé kọ́kọ́rọ́ ò kúrò lọ́wọ́ olùṣọ́ rí, tó sì mọ̀ pé ó ń kúrò."

"Inspẹ́kítọ̀, eré ni. Ṣé ẹ fẹ́ gbé eré lọ sí kóòtù?"

"Mi ò lè gbé e lọ. Mo ti dé Ìbàdàn lọ́jọ́ Jímọ̀. Wọ́n ní téèpù wọ́n gan-an, bí eré bá ti jáde tán, wọ́n á fi nǹkan mìíràn lé e lórí. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n gbà lé tiyín. Ohun tí Nọ́síràtù rí ò sí níbì kankan mọ́, ìwé rélùwéè ti jóná, Ògúnmọ́lá ti kú. Bẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ báyìí, tẹ́ ẹ wọkọ̀ lọ sílé, kò sí ohun tí mo lè fi mú yín."

Gbádéyan wò ó. Ó ń wá ibi tí ìdẹkùn wà, kò rí i.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi gbé mi wá?"

Inspẹ́kítọ̀ fọwọ́ pa ojú. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó rẹ̀ ẹ́. "Lọ́dún náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ ni. Èmi ni wọ́n rán lọ sílé Mùíbì. Èmi ni mo fi ṣẹ́kẹṣẹ̀kẹ̀ sí i lọ́wọ́ lójú ìyàwó rẹ̀, mo sì gbá a létí nígbà tó ní òun ò mọ nǹkan kan, kí àwọn ọ̀gá lè rí i pé mo mọṣẹ́. Mùíbì wà nínú wọ́ọ̀dù yẹn. Àìsàn inú ni, dókítà ní bóyá ló máa lo ọ̀sẹ̀ yìí tán. Mo ti tọrọ àforíjì tèmi lọ́jọ́ Àìkú. Àmọ́ tèmi kọ́ ló ń dúró dè."

Ó ní ọ̀rọ̀ ìyàwó ọkùnrin náà ló ń dà á láàmú. Mùíbì kọ̀ láti sọ fún Nọ́síràtù ẹni tó ń gbé bàtà fún, ó sì kà á léèwọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ dárúkọ bàtà ní kóòtù. Kí ni obìnrin máa rò? Ó gbà pé ọkọ òun ló jalè, ó sì bá a gbé bẹ́ẹ̀. Eré ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló já a láyà. Ó mọ̀ báyìí pé ẹlòmíràn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tó ṣe. Mùíbì ò fẹ́ kú kí ìyàwó rẹ̀ tó mọ̀ dájú pé òun kì í ṣe olè, kò sì fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

"Ẹnu yín nìkan ló kù," ni Inspẹ́kítọ̀ wí. "Bẹ́ ẹ bá sì ti sọ ọ́, màá kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ̀wọ̀n lẹ̀ ń lọ. Mi ò ní tàn yín."

Gbádéyan ronú nípa Ọjọ́rú. Ó ronú nípa àwọn òṣèré tí ń dúró dè é, àwọn ènìyàn Ọjà Ọba, orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn lọ́nà mìíràn. Ẹ̀rù bà á gan-an. Ó ronú pé kí òun sọ̀ kalẹ̀, kí òun rìn dé ẹnu géètì, kí òun dá takisí dúró. Ọwọ́ rẹ̀ tiẹ̀ ti wà lórí ilẹ̀kùn. Ó sì sọ̀ kalẹ̀ lóòótọ́. Ó dúró sínú oòrùn fún ìgbà díẹ̀, ó wo géètì, kò sí ẹni tó dá a dúró.

"Wọ́ọ̀dù wo ni?" ló bi í.

*

Gbádéyan kì bá tí mọ̀ ọ́n. Mùíbì tó mọ̀, alágbára tó ń dá ìdì aṣọ gbé, ti di egungun lábẹ́ aṣọ ìbora. Nọ́síràtù jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú abọ́ ògì tí kò tíì tutù. Ọjọ́ mẹ́ta rèé tí ọkùnrin náà ò jẹ nǹkan kan. Obìnrin náà rí Inspẹ́kítọ̀, ó rí ẹni tó tẹ̀ lé e, ó sì dà á mọ̀. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ó fẹ́ kúnlẹ̀ kí i.

"Ẹ má kúnlẹ̀, ìyá," ni Gbádéyan wí.

Gbogbo ọ̀nà láti abẹ́ igi máńgòrò ló fi ń to ọ̀rọ̀ pọ̀, ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, ibi tí yóò ti dúró. Kò rántí ọ̀kan nínú wọn.

"Èmi ni Mùíbì ń gbé bàtà rẹ̀ fún. Èmi ni mo mú kọ́kọ́rọ́ níbẹ̀. Èmi ni mo kó àrán, mo fi ránṣẹ́ sí Ìlọrin. Ọkọ yín ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má dárúkọ mi, ó sì ṣe é, mo wá jẹ́rìí takò ó."

Inspẹ́kítọ̀ ń kọ ọ́.

Mùíbì ò wo Gbádéyan. Ìyàwó rẹ̀ ló ń wò.

"Nọ́sí. Ṣé o gbọ́?"

Láti ọjọ́ tí ọkùnrin yìí ti tẹ̀wọ̀n dé, Nọ́síràtù ló ń sè fún un, òun ló ń fọṣọ rẹ̀, bí ohunkóhun bá sì sọnù nínú ilé, ojú rẹ̀ a kọ́kọ́ lọ sí ọwọ́ ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ sì mọ̀. Ó máa ń rí ojú náà.

"Mo gbọ́," ló wí. "O mọ̀ pé òun ni?"

"Mo mọ̀. Láti ọjọ́ tó jẹ́rìí."

"O ò wá sọ fún mi, Bàbá Ọmọlará. Fún ọdún mẹ́tàlá."

"Mo ti gbà á ní àmánà kí n tó mọ̀. Òun ló ni í láti sọ ọ́. Mo rò pé yóò wá."

Nọ́síràtù gbórí lé etí ibùsùn, ó ń bẹ ọkọ rẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ náà ò sì já gaara. Mùíbì gbé ọwọ́ lé e lórí gèlè, ó jẹ́ kó sunkún tó bó ṣe fẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní kó dìde, kó fún òun lógì.

Gbádéyan dúró sí ẹsẹ̀ ibùsùn. Ó ti múra sílẹ̀ fún èpè, ó sì ti mọ bí òun yóò ṣe gbà á. Nínú kọ̀rọ̀ ọkàn rẹ̀, ojú sì ń tì í láti jẹ́wọ́ rẹ̀, ó ti múra sílẹ̀ fún ìdáríjì pẹ̀lú. Ó ń retí kí ọkùnrin náà yíjú sí i kó mú ọ̀kan nínú méjèèjì. Mùíbì la ẹnu, ìyàwó rẹ̀ fi ṣíbí sí i, ó gbé e mì. Ó tún la ẹnu.

Inspẹ́kítọ̀ pa ìwé dé, ó fọwọ́ kan Gbádéyan ní ìgúnpá. Wọ́n rìn láàárín ibùsùn lọ sí ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn wọn, Nọ́síràtù ń bi ọkọ rẹ̀ bóyá ògì náà kò gbóná jù, ọkọ rẹ̀ sì ní ó dára bẹ́ẹ̀.